Ráàmù Tí Mo Torí Rẹ̀ Pe Ganíù Lólè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo ti ń gbé kiri nínú ara mi, òní ni mo pinnu pé màá sọ ọ́ síta. Mi ò níí gbè sẹ́yìn ara mi nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà kà á tán kí ẹ tó bú mi, torí ẹ máa bú mi.

Sulé ni orúkọ mi. Èmi àti ìyá mi la jọ ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, níhìn-ín ní Pàràkú, àǹkárá ló sì pọ̀ jù nínú ọjà wa. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé aṣọ tí a bá rà, dandan ni ká wọ̀n ọ́n. A ó wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wa, a ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù bá délé, a ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta ká tó gbé e sórí káńtà.

Yáàdì mẹ́fà tó bá di márùn-ún ààbọ̀ lójú ọ̀nà, ẹnìkan ló gé e. Kò sí àlàyé mìíràn. Aṣọ kì í dédé kúrú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti mọ èyí, kò sì já mi kulẹ̀ rí nínú ọjà. Òun náà ló wá kó mi sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Yàtọ̀ sí aṣọ, géèmù ni mo fẹ́ràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ìdí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa bá mi. Géèmù tí wọ́n fi ń wa tírélà ni tèmi: kí èèyàn kó ẹrù láti ìlú kan dé ìkejì, kó má kọlu ẹnikẹ́ni, kó má sì dà á sínú kòtò. Ìyá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí a bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Kútọnu, kí a tó dé Ṣábẹ̀ ni mo ti ń hanrun, àfi tí mo bá dé iwájú ẹ́kíràn, ojú kọ̀ǹpútà mi, ni mo máa ń sọ ara mi di awakọ̀.

Àlòkù ni kọ̀ǹpútà náà, àpótí dúdú ńlá kan tó ti òkè òkun wá. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé jígà mẹ́rin ni ráàmù inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ráàmù, òun ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Tí ibẹ̀ bá há, iṣẹ́ á há. Jígà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń fi yáàdì wọn aṣọ. Nígbà tí mo gbé e délé, mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń sọ bí òun ṣe tó, mo bá a tó kọ jígà mẹ́ta àti ìdámẹ́rin. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn oníkọ̀ǹpútà náà kò yàtọ̀ sí àwa aláṣọ, àwọn náà ń pe márùn-ún ààbọ̀ ní mẹ́fà. Mo fi fóònù ya àwòrán ibi tó kọ ọ́ sí. Lójú tèmi, mo ti wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹni tí Ganíù jẹ́. Àdúgbò Albarika ni èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà sí, ilé kéú kan náà la jọ lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ pàtírọ́ọ̀nù kan. Nígbà tó gba òmìnira, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Alájì Mùsíbáù ló fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pé kó gbé tábìlì sí. Alájì ni àgbà ìlà wa, aláṣọ bíi tiwa ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé ẹjọ́ lọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Ganíù. Ó ní ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni, inú òun sì dùn pé irú rẹ̀ ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà òun.

Ẹ mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ fóònù. Àwọn obìnrin ọjà á fi fóònù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ganíù láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwòrán ọmọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti ọkọ wọn, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi pamọ́ sórí rẹ̀. Ọkàn wọn á balẹ̀. Ohun tó ń jẹ nìyẹn, kì í ṣe ṣúkúrúdíráfà.

Ó ṣe, géèmù mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Tí tírélà mi bá ti wọ ìlú ńlá, àwòrán á máa dúró, á máa fò. Mo kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ sínú gúrúpù àwa oní-géèmù lórí fóònù, ẹnìkan sì dáhùn pé káàdì àwòrán mi ni kò lágbára. Káàdì àwòrán ni pátákó kékeré tó ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú ẹ́kíràn. Ó ní kí n ra ńlá méjì, kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí wọ́n jọ máa fà á bí akọ màlúù méjì ṣe ń túlẹ̀. Háà, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi! Mo ránṣẹ́ sí Kútọnu. Káàdì méjì dé nínú bọ́ọ̀sì, jígà kan kan, wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé wọn.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Ganíù. Ó wò ó, ó ní káàdì méjì yìí máa jẹ iná, àpótí iná tó wà nínú ẹ̀rọ mi kò níí lè gbé e, kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta láti wá èyí tó tóbi. Mo gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo lọ gbé e, ó ti tún gbogbo inú rẹ̀ nù, eruku ọyẹ́ tó ti di bí owú síbẹ̀ ni ó gbọ̀n dànù. Mi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn. Ó kàn ṣe é ni.

Mo gbé e sórí itan lẹ́yìn alùpùpù zémì títí dé ilé wa ní Ladjifarani. Mo tan géèmù. Ẹ wo àwòrán! Òjò ń rọ̀ sójú gíláàsì ọkọ̀ mi, ẹ̀kán rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe ìyàwó mi kó wá wo òjò. Ó ní òjò gidi ń rọ̀ sórí aṣọ tí òun sá síta, èmi ń pe òun wá wo òjò irọ́.

Kò tó ìṣẹ́jú ogún tí gbogbo rẹ̀ fi dúró gbagidi. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ síwájú mi pé ráàmù kò tó mọ́. Mo pa á, mo tún un tàn, ohun kan náà. Ìyẹn ni mo fi lọ ṣí ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kìíní.

Jígà méjì ààbọ̀.

Mo mú fóònù mi, mo wá àwòrán tí mo yà jáde. Mẹ́ta àti ìdámẹ́rin nìyẹn. Mo tún wo ẹ́kíràn. Méjì ààbọ̀ nìyí. Ta ló gé e? Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti hàn gbangba lójú tèmi pé ó yọ ọ̀kan nínú ráàmù mi, ó fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ bi í léèrè. Mo ní màá bi í léèrè. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe bi í.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọjà ti kún dáadáa, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ. Mi ò kí i. Mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, lórí àwọn fóònù tó tú sílẹ̀, mo ní:

"Ganíù, níbo lo gbé ìyókù ráàmù mi sí?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó tú àpótí náà, ó fi ráàmù méjèèjì hàn mí, ó ní kí n ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: jígà méjì, jígà méjì. Èmi ni ó ń fi ìwé hàn! Èmi aláṣọ, tí mo ti rí ìwé ìlú òkèèrè lára aṣọ tí wọn ò hun jìnnà sí ilé yín. Mo sọ fún un pé ìwé kì í sọ òótọ́, ìwọ̀n ló ń sọ òótọ́.

Ó tan ẹ̀rọ náà, ó wo ẹ́kíràn, ó wo àwòrán inú fóònù mi, ó tún wo ẹ́kíràn. Ó gbé ojú sókè sí mi, ó ní:

"Sulé, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Wàlàhí, mi ò mọ̀."

Ẹ wò ó, títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ó lè parọ́. Ó lè sọ pé káàdì ló bà á jẹ́, tàbí iná, tàbí pé mo ti tẹ nǹkan kan. Oníṣẹ́ tí ojú ń tì láti sọ pé òun ò mọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun sọ pé òun kò mọ̀, torí kò mọ̀ lóòótọ́. Èmi gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ká mọ́. Mo gbé ohùn sókè. Àwọn ará ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá mi dé, ó di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

"Sulé, dákun, jẹ́ ká wọ inú bútíkì wa ká sọ ọ́ níbẹ̀."

Mi ò lọ.

Alájì Mùsíbáù jáde sí wa. Ó gbọ́ tèmi, ó gbọ́ ti Ganíù. Ó bi Ganíù bóyá ó mú nǹkan kan, Ganíù ní rárá. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo na fóònù sí i. Mo ní Bàbá, èyí ni ìwọ̀n rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹ̀, èyí ni ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí aláṣọ bíi ti Alájì sọ? Ó wo nọ́ńbà méjèèjì, ó dá fóònù padà fún mi. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá síwájú àwọn aláṣọ, mo sì sọ ọ́ ní èdè aṣọ. Ká ní àárín àwọn mẹkáníìkì ni mo gbé e lọ ni, bóyá ẹnìkan ì bá ti sọ pé ẹ̀rọ máa ń ní ìwà tirẹ̀.

Alájì ṣe ohun tí àwọn àgbà ìlà wa máa ń ṣe. Kò pe Ganíù lólè. Lọ́dọ̀ wa, tí aṣọ ẹnìkan bá dín lọ́wọ́ rẹ, wàá dí i, ìbáà jẹ́ ìwọ lo gé e tàbí ìwọ kọ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó ní kí Ganíù wá ráàmù kan fún mi, kó fi sí i, ká sì máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Ganíù wò ó. Ó lè kọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Ẹni tó fún un níbi tó ń jókòó sí ni. Ó ní, "Ó dára, Bàbá." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ráàmù kan tó ti wá pamọ́ fún ẹ̀rọ tó ń to jọ fún ara rẹ̀, jígà méjì, ó kì í sínú kọ̀ǹpútà mi níṣojú gbogbo wa. Ó tàn án. Gbogbo èèyàn rọ́ wá sítòsí, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Mo ṣí ibẹ̀. Jígà méjì ààbọ̀. Kò sún rárá.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nígbà náà, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo ní ẹ wò ó, ó fún mi ní òfìfo níwájú Alájì. Mo ní ó jalè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, ọ̀kan lójú àgbà. Ganíù sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí náà, ó ń wo ẹ́kíràn bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí ilẹ̀kùn.

Ojú Alájì yí padà. Òun ló dá ẹjọ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti di yẹ̀yẹ́. Ó rọra sọ pé òun kò mọ̀ nípa òdínátọ̀ tí àwa ń pè ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ òun mọ ìgbà tí wọ́n bá rí òun fín lẹ́nu ọ̀nà òun. Ó ní kí Ganíù gbé tábìlì rẹ̀ kúrò kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ganíù kó ẹrù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dá àwọn fóònù padà fún àwọn tó ni wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bẹ oníkálùkù pé kó yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó lọ. Wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn obìnrin tó ti ń fi fóònù sílẹ̀ fún un láti ọdún mélòó sẹ́yìn, wọ́n dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń wo inú fóònù wọn láti orí dé ìdí. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń wò wọ́n, inú mi ń dùn. Ẹ gbọ́ mi: inú mi ń dùn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo gbọ́ pé ó ti lọ sí ìlú Djougou. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Albarika. Obìnrin náà a máa pè mí ní ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo bá pàdé rẹ̀ a bi mí léèrè ìyàwó, a bi mí léèrè àwọn ọmọ. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá kí i, á jẹ́ mi, á sì kọjá. Kì í fi nǹkan kan kún un.

Èmi ńkọ́? Ìtàn ni mo fi ń ṣe. Mo sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, mo sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, mo sọ ọ́ nínú gúrúpù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló túbọ̀ ń dùn. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń dúró gbagidi lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, gbogbo ìgbà tó bá sì ti dúró ni mò ń ṣépè fún Ganíù.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà. Géèmù tírélà tuntun jáde, mo fẹ́ fi sórí ẹ̀rọ mi, ó kọ̀. Mo gbé e lọ bá Mùsíọ̀ Bàsíìlì, ọmọ Ṣábẹ̀ kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà nítòsí ilé wa. Ó béèrè sístẹ̀mù tí mò ń lò, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀. Ó wò ó, ó ní oní-bíìtì méjìlélọ́gbọ̀n ni, ti àtijọ́ ni, ìyẹn ni géèmù tuntun fi kọ̀ ọ́. Mo ní kì í ṣe ìyẹn nìkan o, wọ́n ti jí ráàmù inú rẹ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi.

Mi ò tíì dé ìdajì tó fi dá mi dúró. Ó bi mí bóyá kí n tó fi káàdì àwòrán méjì sí i ni nọ́ńbà náà ti dín, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní sístẹ̀mù mi dà bí ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ilé pé kó máa pín in, tí gbogbo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ kò sì ju ti jígà mẹ́rin lọ. Ohun gbogbo tó wà nínú ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ráàmù nìkan. Káàdì àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Nígbà tí káàdì mi jẹ́ kékeré kan, díẹ̀ ló gbà, ìyẹn ni mẹ́rin ṣe di mẹ́ta àti ìdámẹ́rin láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí mo gbé ńlá méjì wọlé, wọ́n gba púpọ̀, ó ku méjì ààbọ̀ fún ráàmù. Ráàmù tí kò bá rí nọ́ńbà gbà wà níbẹ̀, sístẹ̀mù ni kò lè rí i. Ó ní tí n bá tilẹ̀ kó ráàmù mẹ́wàá sí i, ohun kan náà ni yóò máa kọ.

Mo bi í pé, ṣé kò sẹ́ni tó yọ ọ́?

"Ta ni yóò yọ ọ́?"

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó ní kí n wo ẹ́kíràn dáadáa bí òun bá tún un tàn. Ẹ mọ ẹ́kíràn dúdú yẹn, tó máa ń kọ lẹ́tà funfun wuruwuru kí sístẹ̀mù tó ṣí? Ó tẹ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ dúró. Ó fi ìka tọ́ka sí i: 6144. Ó ní jígà mẹ́fà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá tan ẹ̀rọ náà ló ń kọ òótọ́ yìí síwájú mi. Àsìkò yẹn ni mo máa ń fa àga mọ́dìí.

Ó bá mi fi sístẹ̀mù tuntun sí i, oní-bíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí nọ́ńbà ilé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, mo ṣí ibi tí mo ti ń wọ̀n ọ́n. Jígà mẹ́fà.

Mẹ́rin tèmi. Méjì ti Ganíù.

Ráàmù tí mo pè ní òfìfo, gidi ni. Ọdún kan ó lé ni nǹkan oníǹkan fi wà nínú àpótí mi, tí mo ń lọ káàkiri pé ó jí tèmi. Ta wá ni olè? Mùsíọ̀ Bàsíìlì bi mí bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ẹ ṣé.

Ká ní ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́. Gbogbo èèyàn ló lè ṣàì mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kù.

Ọjọ́ tí mo mọ òótọ́ yẹn, ààwẹ̀ Ramadan ku ọjọ́ mélòó kan. Alájì Mùsíbáù wà láàyè. Ara rẹ̀ kò le, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àga síta fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú rẹ̀, tí mò ń kí i, tó ń súre fún mi.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó fi ọwọ́ mú orí, lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ lónìí, Sulé. Lọ nísinsìnyí." Mo ní màá lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Nígbà tí mo ń ba Ganíù jẹ́, gbólóhùn kan ló gbà mí: Ganíù jí ráàmù mi. Láti tún un ṣe, màá sọ ti bíìtì, màá sọ ti nọ́ńbà ilé, màá sọ ti káàdì méjì, fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ojú sì tún ń tì mí. Mo ní ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ parí. Mo ní lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, tí inú gbogbo èèyàn bá ń dùn, màá lọ jókòó tì í dáadáa.

Alájì kú kí ààwẹ̀ tó parí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a sin ín. Mo wà lára àwọn tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọdún ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Djougou, mo fi áńkáṣíìfù wé ráàmù náà sápò. Mo bá Ganíù nídìí tábìlì lábẹ́ igi dóńgóyárò kan nítòsí gáréjì. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó ní káàbọ̀, ó bu omi fún mi kó tó béèrè ohun tó gbé mi wá. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fà mí dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ ò níí gbàgbọ́, nígbà tí mo dé ibi ti káàdì méjì, ó sún àga mọ́ mi. Ó ní kí n tún un sọ. Ó bi mí ní ìbéèrè tí n ò lè dáhùn. Ojú rẹ̀ tàn.

"Nítorí náà, káàdì ló gbà á! Sulé, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Tí mo bá ń jẹun, mò ń rò ó. Mo ní níbo ló gbà lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀, ó béèrè bóyá Alájì gbọ́. Mo ní Alájì ti kú. Ó ní òun mọ̀, ìyá òun ti pe òun. Ó ní ìgbà wo ni èmi mọ òótọ́ yìí?

Mo lè parọ́. Mo sọ fún un pé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Kò bínú. Ìbá sàn fún mi kó bínú. Ó gba ráàmù náà, ó dúpẹ́ pé mo gbé e wá, ó ní òun dárí jì mí nítorí Ọlọ́run, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dárí jini lóòótọ́. Ó mú fóònù tó ń tún ṣe, ó tẹ orí ba.

"Èmi ti dárí jì ẹ́," ó ní. "Àmọ́ Bàbá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ, Sulé."

Mo jókòó títí oníbàárà mìíràn fi dé.

Nígbà tí mo padà sí Arzèkè, mo dúró láàárín ìlà, mo sọ ọ́ níwájú ọmọ Alájì tó gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbọ́ mi. Obìnrin kan ní, ṣé pé Ganíù ti wá dá ráàmù náà padà nìyẹn? Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mi orí bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Ọmọ Alájì sọ pé tí Ganíù bá fẹ́ padà, àyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo pe Ganíù, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn. Orí fóònù náà ni mo ti tọrọ àyè láti kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má ṣe ara mi lẹ́ni tó dára ju bó ṣe rí lọ. Mo gbìyànjú.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n fi ọ̀pá aṣọ wọ̀n. Pé tí oníṣẹ́ bá ní òun kò mọ̀, ká fara balẹ̀ fún un. Àmọ́ àwọn yẹn rọrùn. Èyí tó le níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi ni ó yẹ kí n ti lọ, mo sì mọ ọ̀nà ilé Alájì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn rí tí ẹ wá rí i pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á, mi ò sì níí dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n tí onítọ̀hún bá ṣì wà láàyè, tí àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn náà lẹ́nu yín bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ bá wọn. Ojú ìwé yìí lè dúró dè yín.